Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Tepu Bulan Ribuh, Èrò Tí Wọ́n Wọ̀n Láàárọ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Sí Lọ́sàn-án

Yàrá Kẹrin, Ilé Gbọọrọ,
Abúlé Pa Ruyan,
Òkè Baram,
Sarawak.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023.

Alága,
Àjọ Tó Ń Bójú Tó Ẹ̀tọ́ Èrò Ọkọ̀ Òfuurufú,
Putrajaya.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ ILÉ-IṢẸ́ AWAN HULU ṢE YỌ ORÚKỌ ÌYÁ ÀGBÀ KÚRÒ NÍNÚ ÀWỌN ÈRÒ LỌ́JỌ́ TÍ ỌKỌ̀ KÒ GBÉRA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀGA KAN NÍ ỌJỌ́ KẸTÀDÍNLÓGÚN OṢÙ KẸWÀÁ

1. Orúkọ mi ni Rinai Agan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mò ń kọ ìwé yìí fún ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tepu Bulan. Tepu ni à ń pe ìyá àgbà àti bàbá àgbà lọ́dọ̀ wa. Òun ni ìbá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ òsì kò sì ríran. Ọ̀rọ̀ ojú òsì náà ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Miri. Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfuurufú Awan Hulu, tí ọkọ̀ wọn nìkan ló ń bà sí abúlé wa, ní àwọn kò ní gbé e àfi tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìwé pé òun kọ́ ni òun. Kò ní tẹ̀ka sí i. Bí ọjọ́ yẹn bá sì kọjá, dókítà ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí àyè tó tún yọ. Ojú náà kò ní dúró dè wá di ìgbà yẹn.

2. Olórí abúlé wa ti ka ìwé yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní àsọdùn inú rẹ̀ pọ̀ ju ata inú ọbẹ̀ lọ, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo ti yọ ọ́. Níbi tí ó bá ṣẹ́ kù sí, mo ti kọ òtítọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti kọ́. Ní tiwa, ènìyàn kì í jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo títí dé ojú oórì. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá dé, bàbá àti ìyá rẹ̀ a gba orúkọ tuntun. Bí ọmọ ọmọ àkọ́kọ́ bá dé, bàbá àgbà àti ìyá àgbà náà a gba òmíràn, níwájú gbogbo ìlú, níbi àsè tí à ń pè ní irau. Láti ọjọ́ yẹn lọ, orúkọ àtijọ́ ti wọlé lọ sùn nìyẹn. Kò sí ọmọdé tó gbọdọ̀ jí i. Èmi ni ọmọ ọmọ àkọ́kọ́ tí Tepu ní. Lọ́dún tí wọ́n bí mi, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n pa, ẹgbàárùn-ún ènìyàn ló sì wá jẹun (Olórí abúlé ní irínwó ni). Wọ́n bi àwọn ènìyàn náà bóyá wọ́n fara mọ́ orúkọ Bulan Ribuh, gbogbo wọn ní àwọn fara mọ́ ọn. Orúkọ yẹn ni mo dáyé bá. Èyí àtijọ́ ṣì wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìjọba kì í wá sí irau. N kò ní kọ ọ́ síbí, kì í ṣe tèmi láti pè. Ẹ̀dà káàdì náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wò ó fúnra yín.

4. Àṣìṣe kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo sì ṣe é. Ìyá mi ló máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ilé wa. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ń lọ́ ìrẹsì lóko, ẹsẹ̀ ìyá mi wà nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó wá ní kí n bá Tepu ra tirẹ̀ lórí fóònù. Mo gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń yà kí wa bí àlejò tí ń kánjú. Fóònù béèrè orúkọ èrò, mo sì kọ orúkọ èrò: Bulan Ribuh. N kò tilẹ̀ mọ òmíràn tó ń jẹ́ nígbà náà. Ọmọ ìlú mìíràn kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí láé, ọmọ ìlú tiwa ló rọrùn fún.

5. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, a wọ ọkọ̀ ní pápákọ̀ abúlé wa láìsí wàhálà kankan. Akọ̀wé Awan Hulu níbẹ̀ ni Bàbá Tagal, ọmọ àbúrò Tepu. Kò wo káàdì. Ta ni yóò wo káàdì ìyá tó pọ̀n ọ́n dàgbà? Òṣùwọ̀n ló wò, nítorí pé ọkọ̀ náà kò tóbi, ènìyàn mọ́kàndínlógún péré ló ń gbà, dandan sì ni kí wọ́n wọn olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ kí ó tó gbéra. Tepu gun òṣùwọ̀n, ó ní, "Tagal, ta ló fẹ́ rà mí?"

Bàbá Tagal ní, "Ìyá, ẹ fúyẹ́ jù. Mo ti ń polówó yín láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó dáhùn."

Kílò mọ́kànlélógójì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ: Bulan Ribuh. Ọkọ̀ gbé e, ọkọ̀ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Miri. Bí Bulan Ribuh kò bá sí láyé, mo fẹ́ kí Awan Hulu sọ fún yín ohun tí wọ́n gbé lọ́jọ́ náà tó wọn kílò mọ́kànlélógójì, tó sì ń kọrin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin.

6. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì ní ọjọ́ Ajé, èmi ni Tepu kọ́kọ́ rí. Ó wò mí títí, ó ní, "Rinai, ta ló fi irorẹ́ sí ẹ lójú báyìí?" Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bínú. Dókítà wá kìlọ̀ fún wa. Tepu kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù, orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbọ̀n. Ọkọ̀ òfuurufú ni kí ó bá padà sílé, kì í ṣe ọ̀nà ilẹ̀. Ìwé dókítà wà nínú àpò yìí.

7. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún, a ti dé pápákọ̀ Miri ní aago méje àárọ̀ fún ọkọ̀ aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà, Mís Lai, wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo káàdì, ó wo Tepu.

Ó ní, "Mama, orúkọ méjì lẹ ń jẹ́?"

Tepu ní, "Mẹ́ta ni, ọmọ mi. O ò tíì bá ti ìgbà tí mi ò tíì bímọ pàdé."

Mís Lai ní, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ máa pa mí lọ́jọ́ kan," ó sì lu òǹtẹ̀. Wọ́n wọn Tepu: mọ́kànlélógójì, bí ti ìjelòó. Wọ́n fún un ní ìwé ìwọkọ̀, àga kẹta. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fàlà sí abẹ́ èyí. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí kò sí ohunkóhun tí Awan Hulu jẹ wá, wọ́n rí orúkọ méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì gbà á.

8. Kùrukùru bo orí òkè. N kò fi ẹjọ́ kùrukùru sùn yín; kì í ṣe òṣìṣẹ́ Awan Hulu. Ohun tí mo fi ń sùn yín ni pé aago mẹ́wàá kọjá, ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè, wọn a ní "kò ní pẹ́." Mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí ọwọ́ mi: kò-ní-pẹ́ mọ́kànlá ni mo kà kí ọwọ́ mi tó kún. Lára ògiri ibẹ̀ ni àjọ yín lẹ ìwé ẹ̀tọ́ èrò mọ́. Ó ní bí ọkọ̀ bá pẹ́ ju wákàtí méjì lọ, kí wọ́n bọ́ èrò. Bí ó bá ju márùn-ún lọ tó sì di ọ̀rọ̀ sísùn, kí wọ́n wá ibùsùn. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀, mo sì kà á sókè. Ohùn mi kì í ṣe ohùn kékeré. Arákùnrin kan wà láàárín wa, Tíṣà Lawai, tó ń lọ kọ́ni ní abúlé kejì sí tiwa. Ó pè mí láti orí ìjókòó rẹ̀: "Ọmọ yìí, tún ìlà kejì yẹn kà. Àwọn tó wà ní káńtà ń ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́."

Mo tún un kà. Oúnjẹ kò wá.

9. Ní aago méjìlá ọ̀sán, Tepu tú agbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé Miri ti di ìrẹsì rírọ̀ sínú ewé fún wa, ìdì mẹ́fà, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ó pín in fún àwọn tó jókòó yí wa ká. Ó wá wo káńtà, ó ní, "Ọmọ yẹn náà kò tíì jẹun láti àárọ̀," ó sì rán mi sí Mís Lai pẹ̀lú ìdì kan. Mís Lai jẹ ẹ́ lẹ́yìn káńtà, ó fi ẹ̀yìn sí ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, Ẹ̀yin Ọ̀gá, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ, èrò ló bọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. N kò rò pé bí ìwé ara ògiri ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

10. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ọ̀gbẹ́ni Hairol, olórí wọn ní káńtà, jáde pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ó ní ọkọ̀ kò lọ mọ́, ó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí òun bá pè, kí ó bọ́ sínú bọ́ọ̀sì ilé ìtura. Ó pe ènìyàn méjìdínlógún. Mo wà níbẹ̀. Tepu kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹnì kan ló kù. Bulan Ribuh."

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Òun ló jókòó síwájú yín yìí."

"Káàdì rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀."

"Òṣùwọ̀n kì í kàwé, ọmọ yìí."

Mo fi ìwé ìwọkọ̀ hàn án. Ó ní àṣìṣe òṣìṣẹ́ ni. Mís Lai wolẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hairol wá mú fọ́ọ̀mù kan jáde.

11. Fọ́ọ̀mù náà kò gùn. Wọ́n kọ orúkọ inú káàdì sí òkè, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun jẹ́wọ́ pé Bulan Ribuh kì í ṣe orúkọ òun, àti pé òun fi orúkọ tí kì í ṣe tòun wọ ọkọ̀ Awan Hulu. Ọ̀gbẹ́ni Hairol ní bó bá ti tẹ̀ka sí i, ibùsùn wà, oúnjẹ wà, àga ọjọ́ Ẹtì náà wà. Kò pariwo mọ́ wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ó ní, "Mama, ìwé lásán ni. Ọ̀gá tèmi náà ló máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ó ti rẹ àwọn èrò yòókù, bọ́ọ̀sì sì ń dúró. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ká máa lọ." Èmi náà ní kó tẹ̀ ẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni. Mo ní, "Tepu, ojú yín ló jà jù. Tá a bá ti délé, ẹ ó tún máa jẹ́ Bulan yín lọ."

Tepu ní kí n tún ìwé náà kà sí òun létí. Mo kà á. Ó wá fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wò mí.

Ó ní, "Kí ló fà á tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ yẹn?"

Mo ní, "Torí pé wọ́n bí mi ni."

Ó ní, "Tí mo bá wá tẹ̀ka pé kì í ṣe tèmi, ìwọ ńkọ́? Ọmọ ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Tepu fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún Ọ̀gbẹ́ni Hairol, bí a ṣe ń dá àwo padà fún ẹni tó fún wa lóúnjẹ. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi odindi ọmọ kan ra ojú kan."

12. Awan Hulu yóò sọ fún yín pé mo hùwà àìtọ́. Òótọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Hairol gbé fọ́ọ̀mù náà fún mi, ó ní kí n lọ rọ̀ ọ́. Mo fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Mo ká imú rẹ̀ dáadáa, mo tẹ́ apá rẹ̀, mo jù ú. Ó fò kọjá lórí káńtà, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn láìfarapa. Òun nìkan ni ọkọ̀ Awan Hulu tó gbéra ní Miri lọ sí òkè lọ́jọ́ náà. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, Tíṣà Lawai pàtẹ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Hairol sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé èrò oníjàgídíjàgan ni wá, èmi àti Tepu. Tepu kò ju nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń ká ewé ìrẹsì padà sínú agbọ̀n. Bí ìyà bá tọ́ sí ẹni tó fi ìwé ṣe ọkọ̀, èmi ló tọ́ sí. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hairol níhìn-ín, nítorí pé ọmọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni òun náà. Mo tọrọ àforíjì ọkọ̀ náà. N kò tọrọ ti orúkọ.

13. Èmi àti Tepu dúró sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa títí di ọjọ́ Ẹtì. A padà sí káńtà. Ọkọ̀ wà, ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ kedere, àga kẹta ṣófo. Tíṣà Lawai rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ láti àga kẹrin, ó sì ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n tún gbé jáde, Tepu sì tún kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gba ọ̀nà àwọn agégẹdú padà sílé nínú mọ́tò akẹ́rù kan, láti ìdájí títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, wákàtí mẹ́tàlá. Kòtò ọ̀nà náà jìn débi pé ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀ (àkèré ni mo rí, ẹja ni mo fi kún un). Mo gbé orí Tepu lé itan mi, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ẹyin. Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ta, yóò ní, "Rinai, ṣé ojú náà ṣì wà níbẹ̀?" Èmi yóò ní, "Ó wà níbẹ̀, Tepu, ó ń wò mí." Nọ́ọ̀sì abúlé wa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì. Ó ní ojú náà pupa ṣùgbọ́n kò bàjẹ́, àti pé bí a bá tún fi ọ̀nà yẹn dán an wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, kí a má wá bá òun sunkún.

14. A kọ̀wé sí Awan Hulu. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, wọ́n fi ìlà mẹ́rin fèsì. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ló fa ìdádúró náà, nítorí náà àwọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Wọ́n ní kò sí èrò kankan tó ń jẹ́ Bulan Ribuh. Wọ́n ní ẹni tí káàdì jẹ́ tirẹ̀ kò lè wọ ọkọ̀ àwọn mọ́ àfi tó bá tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù. Ìyá mi tún gbìyànjú láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá pẹ̀lú orúkọ inú káàdì gan-an, láìsí àléébù kankan. Wọ́n dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n ń wá orúkọ tó bá káàdì mu mọ́. Ìka Tepu ni wọ́n ń wá.

15. Mo ti ro èsì wọn síwá sẹ́yìn lórí òkè ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jọ mí lójú pé kò dúró. Bí kùrukùru bá ti pa gbèsè gbogbo rẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi wá ibùsùn fún àwọn yòókù? Kùrukùru kan náà ló bò wá. Bí Bulan Ribuh kò bá sí, ta ni wọ́n ń pè ní oníjàgídíjàgan nínú ìwé wọn? Ẹni tí kò sí kò lè jà. Bí wọ́n bá sì ní àṣìṣe orúkọ ló wà níbẹ̀, mo gbà. Àṣìṣe tí Mís Lai fi òǹtẹ̀ gbà wọlé láàárọ̀ kò yẹ kó di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́sàn-án nítorí pé oúnjẹ ti wọ̀ ọ́. Ìwé ara ògiri yín kò sọ pé kí wọ́n bọ́ káàdì. Èrò ni wọ́n ní kí wọ́n bọ́.

16. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ pàṣẹ fún Awan Hulu kí wọ́n fún ìyá àgbà wa ní àga nínú ọkọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, àti àga ìpadàbọ̀ nígbà tí dókítà bá dá a sílẹ̀, láìtẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù kankan. Orúkọ inú káàdì ni kí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bí òfin bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tepu kò bá káàdì jà, ó kàn kọ̀ láti sẹ́ èyí tó ń jẹ́ ni. Kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ rẹ́. Èyí tí wọ́n kọ nípa tèmi lè dúró bí ẹ bá rò pé ó yẹ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lè tẹ̀ lé e, nítorí pé èmi ni mo mọ oògùn tó ń kán sójú àti iye ìgbà.

Ohun kan tún kù, kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní oṣù Kejìlá, ìdílé mẹ́ta ni yóò ṣe irau ní abúlé wa, ènìyàn mẹ́jọ ni yóò sì gba orúkọ tuntun. Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Tagal fúnra rẹ̀, tó ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ fún Awan Hulu. Olórí abúlé ti fọwọ́ sí ìwé kan, tó wà nínú àpò yìí, pé òun yóò máa fi àwọn orúkọ tuntun ránṣẹ́ lọ́dọọdún pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì olúkúlùkù. Bí ẹ bá lè sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ pé kí wọ́n gba ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ti tú wàhálà tó ń bọ̀ ká kó tó dé.

17. Mo ti ka gbogbo èyí fún Tepu ní èdè wa. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n pé mo sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọkọ̀ oníwèé yẹn. Ó ní kí n fi èyí kún un: bí òun bá dé káńtà lọ́jọ́ náà tí ẹnikẹ́ni sì tún ń ṣiyèméjì ẹni tí òun jẹ́, kí wọ́n má bá ẹnu jà. Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n wá. Kílò mọ́kànlélógójì ṣì ni. Ó ní láti òní títí di ọjọ́ náà, òun kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu, kó má bàa lé (èmi ni mo sọ ìyẹn, ó jẹun tán nísinsìnyí, ó tún ń béèrè fún àfikún).

Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí.

Èmi ni tiyín, tí yóò sì máa kọ̀wé títí ọkọ̀ yóò fi gbéra,

Rinai Agan,
Ọmọ ọmọ àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ ní Bulan Ribuh.

Àmì ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi jẹ́ ti Tepu. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bu yíǹkì wá.